Ẹ̀tàn Wo Ni Ti Ọkọ́-ò-sinmi?

Ọmọ mi Tíṣà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ yín tí wọn kò tíì mọ ojú mi dáadáa. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ohun tí mo ń tọrọ láràárọ̀ nìyẹn kí n tó fi omi bọ́jú. Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ níbẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ yóò mọ̀wé, wọn kò sì ní mọ̀ ọ́n débi tí wọn yóò fi máa rí ọ fín. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn láti rí ọ, kí ojú ọ̀nà tirẹ̀ máa yà kúrò lójú ọ̀nà tìrẹ. Àmín.

Èmi bàbá rẹ ni mò ń sọ ọ́, Ìyá Aránṣọ ló ń kọ ọ́. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ti kó aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ti ṣèlérí pé ohun tí mo bá sọ lòun yóò kọ, òun kò ní bu iyọ̀ tòun sí i. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ju bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, òun ni, kì í ṣe èmi.

Ìwọ yóò máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ra fóònù fún mi. Ọmọ mi, mo pè ọ́ títí ìka fi ń ro mí. Obìnrin kan ló ń gbé e. Ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo kí i dáadáa, mo ní ìyá, ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi ni mò ń pè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo inú yàrá. Kò wo yàrá kankan, ó tún ọ̀rọ̀ yẹn kan náà sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pa á mọ́ mi létí. Nígbà tí ọkọ rẹ wá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé ilé lo wà ní gbogbo àsìkò náà, pé o sùn ni, inú bí mi. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ yín ni tàbí ìbátan ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì ń gbé ọ̀dọ̀ yín, ẹ máa ṣọ́ ọ. Kí o sì fi obìnrin náà sọ́kàn, torí irú ohun tó ṣe sí mi yìí ni mo tìtorí rẹ̀ wá jókòó sọ́dọ̀ aránṣọ. Ó tàn mí ni. Ṣùgbọ́n èwo nínú ẹ̀tàn ni?

Ará ilé ń kí ọ. Ara ìyá rẹ le. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, ó ní ọ̀kan jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n òun ni yóò máa sìn ín, òun ni yóò tà á, òun náà ni yóò ná owó rẹ̀, kí o ṣáà mọ̀ pé tìrẹ ni. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, mo ti gùn ún fúnra mi, má bínú, mo ti sọ̀ kalẹ̀ kí o tó ka èyí. Àgbàdo yọmọ lọ́dún yìí bí ẹni pé wọ́n ń kì í ní oríkì. Àgbàdo ọ̀hún náà ló sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí àgbàdo kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi rìn wálé, èèyàn ló ń ṣẹ́ ẹ.

O mọ Ọkọ́-ò-sinmi. Bí o bá gbàgbé gbogbo ayé, o kò ní gbàgbé ẹni tó gbé ọ sórí kẹ̀kẹ́ lọ ṣe ìdánwò lọ́jọ́ tí òjò wó afárá, tó gbé ọ kọ́rùn sọdá odò, tó tún padà wá gbé kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà tí a ti ń ti ọwọ́ bàbá wa gba ọkọ́ la ti jọ ń ṣe àáró. Lónìí gbogbo wa á lọ sóko tèmi, a á ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ á fi ba ìpẹ̀kun rẹ̀. Tó bá tún dọjọ́ mìíràn, ó di ti alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ti awakọ̀ tó ta lọ́rì rẹ̀, lẹ́yìn náà ti Ọkọ́-ò-sinmi. Apá tí mo bá lò lóko rẹ, apá tí ìwọ náà á wá lò lóko mi nìyẹn.

Lọ́dún yìí, a roko Ọkọ́-ò-sinmi, ó mọ́ tónítóní. Nígbà tó kan oko mi, ó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ wá, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, ó ní kùkùté ló gún òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kó máa lọ sílé. Nígbà tí àgbàdo gbó tí ìkórè kan oko mi, báńdéèjì tún dé. Alágbẹ̀dẹ, tí ojú rẹ̀ mú bí ohun tó ń rọ, béèrè pé ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ún. Ó ní èyí ni. Alágbẹ̀dẹ ní ẹsẹ̀ kejì ni nígbà ìroko. Gbogbo wa bojú wolẹ̀. Ọkọ́-ò-sinmi náà bojú wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a pàdé, ó wá ní ìrora náà ló ṣí kúrò lọ́hùn-ún. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú báńdéèjì náà, awọ ẹsẹ̀ ibẹ̀ sì ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun.

Mo fẹ́ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wa ti níwèé báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ́fíìsì àgbẹ̀ ló wá lọ́jọ́sí, ó ní bí a bá fẹ́ kí wọ́n máa yá wa ní ẹ̀rọ tó ń yin àgbàdo, àfi kí ẹgbẹ́ lórúkọ, kó sì lófin, kí òfin ọ̀hún sì wà lédè Gẹ̀ẹ́sì. A ní kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́, ó kà á sí wa létí, ó dún dáadáa, a tẹ̀ka. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà níkùn rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣe àmín sí àdúrà àlejò. Àfi ìgbà tí alágbẹ̀dẹ gbé ìwé náà jáde tó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ka ibi tí wọ́n sọ ti ẹlẹ́ṣẹ̀ sí, ìgbà náà la tó mọ irú ìyàwó tí a gbé wálé.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìyá Aránṣọ ti tẹ́ ìwé òfin náà síwájú, ó ń dà wọ́n kọ bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó bá trick ẹgbẹ́, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tó bá cheat, yóò ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá deceive, kó jáde kúrò lẹ́gbẹ́. Ẹni tó bá ṣe fraud, ó di ti ọlọ́pàá. Alágbẹ̀dẹ ní deceive ni ti Ọkọ́-ò-sinmi, kó máa lọ, kí gbogbo wa tẹ̀ka sí i lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ mi, ìyàwó ọkùnrin yìí ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, ìkíni ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Àgbàdo rẹ̀ dúró lóko. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí a bá lé e, orí igi ni àgbàdo yẹn yóò jẹrà sí, ìyàn ni yóò sì bá a jókòó lọ́dún tó ń bọ̀. Mo wá dìde, mo ní lédè tiwa, a ní ẹ̀tàn, a ní ìrẹ́jẹ, a ní jìbìtì, a ní màgòmágó, a ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń pe ọmọdé tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní oníjìbìtì. Mo ní bí tiwa bá ní ìyàtọ̀, ti Òyìnbó náà ní, mi ò sì ní fi àtàǹpàkò mi lé ọ̀rẹ́ mi jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ inú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní olóríkunkun ni mí. Mo ní bí bàbá mi ṣe bí mi nìyẹn, kò sì kábàámọ̀ títí ó fi kú. Ni wọ́n bá fún mi di ìpàdé tó ń bọ̀ kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ mi wá.

Ọ́fíìsì àgbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ní fèrèsé kan, tábìlì kan, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, àga náà sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún mi, ó dúró. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní òun kọ́ lòun ronú kan àwọn ọ̀rọ̀ náà, inú òfin ẹgbẹ́ àwọn apẹja lòun ti dà wọ́n kọ, ó sì bẹ̀ mí kí n má sọ fẹ́nì kan, ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Ó ní kí a bi fóònù òun. Fóònù ní trick ni kí a deceive èèyàn. Mo ní kó bi í pé kí ni deceive. Fóònù ní kí a trick èèyàn ni, tàbí kí a cheat rẹ̀. Mo ní cheat ńkọ́? Ó ní kí a deceive ni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, tí ilé kìíní ní kó lọ wo ilé kejì, tí ilé kejì ní kó padà sí ilé kìíní, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ti ń jẹ ẹran. Mo ní kó pa fóònù rẹ̀, pé kò fẹ́ jẹ́rìí ni.

Mo lọ bá ọlọ́pàá tó fẹ̀yìn tì, tó ń sin adìyẹ lójú ọ̀nà. Ó ní fraud kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù. Ó ní ẹni tó bá máa ṣe é gbọ́dọ̀ jókòó gbèrò, kó parọ́, kó jèrè, kí ẹlòmíràn sì pàdánù. Pé gbogbo ẹni tí òun kọ ọ̀rọ̀ náà sí lọ́rùn rí ló wọ bàtà olówó gọbọi. Ó ní kí ni Ọkọ́-ò-sinmi jèrè? Mo ní ó jókòó sílé. Ó rẹ́rìn-ín, adìyẹ fọ́n ká. Ó wá mú mi lọ wo àgbébọ̀ kan tó sàba lé ẹyin awó, tó rò pé tòun ni. Ó ní trick nìyí: ẹni tí a ṣe é fún kò pàdánù nǹkan kan, ó tilẹ̀ tún di ìyá ọlọ́mọ.

Awakọ̀ ní ti cheat, ibi tí èèyàn ti ń ta dúráfù ni kí n wò. O yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, o yíjú padà, ọmọ rẹ ti kúrò níbi tí o gbé e sí. Ó ní a gbọ́dọ̀ ti jọ gbà lórí òfin kan tàbí ìpín kan kí ẹnì kan tó lè cheat ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó ní bí aránṣọ tó gé aṣọ èèyàn tó fi èyí tó kù ran fìlà tà. Ìyá Aránṣọ ti dáwọ́ ìwé dúró báyìí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé àjẹkù aṣọ kì í ṣe cheat, owó iṣẹ́ sísọ́ọ̀sì ni. Mo ti sọ ọ́. Ó ti ń kọ̀wé padà.

Ìyá rẹ ló wá yanjú deceive fún mi, ìyàwó ọlọ́pàá ló là á yé e. Ó ní ẹnu lè má purọ́ rárá nínú deceive. Kí o ṣáà mú kí ẹlòmíràn gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ó ní bí irú bàtà tí mo wọ̀ wá kí bàbá òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní mi ò sọ pé tèmi ni. Ó ní ibi tí deceive wà nìyẹn, ìwọ dákẹ́, bàtà ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní ṣé bàtà lo wá fẹ́ ni? Ó ní díẹ̀ wà níbẹ̀.

Mi ò sọ fún un, ṣùgbọ́n ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Torí bí bàtà bá lè sọ̀rọ̀, báńdéèjì náà lè sọ̀rọ̀. Ó wá dà bí ẹni pé òótọ́ ni alágbẹ̀dẹ ń sọ.

Dúró ná, alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ ló yọjú wọlé nísinsìnyí. Ó ti lọ. Ó béèrè ohun tí mò ń ṣe nílé aránṣọ, mo ní ṣòkòtò ni mo wá wọ̀n. Ìyá Aránṣọ, kí Ọlọ́run má gbàgbé rẹ̀, fa okùn ìwọ̀n yọ, ó wọn ẹsẹ̀ mi méjèèjì níṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ọkùnrin náà ti lọ, ó ní ẹsẹ̀ tí òun bá ti wọ̀n, ṣòkòtò rẹ̀ ti di rírán, òun kì í wọnsẹ̀ lásán. Fi ìyẹn kún ohun tí mo máa béèrè nísàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Mo gbọ́ pé Ọkọ́-ò-sinmi ń sọ káàkiri pé mo ti kẹ̀yìn sóun, pé òun kí mi, mi ò dáhùn. Inú bí mi gan-an. Èmi tí mo ti fi ẹsẹ̀ lu ọ̀nà nítorí rẹ̀. Mo mú ọ̀pá, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án kó tó béèrè pé ta nìyẹn, mo rò pé ó fi ń bú mi ni. Mo sọ̀rọ̀. Ó ní áà, o ti wá lẹ́nu lónìí. Ó ní òun wá bá mi létí oko mi, òun kí mi kú iṣẹ́, òun tún un kí, òun bẹ̀ mí pàápàá pé kí n jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà ní kọ̀rọ̀. Ó ní mo dúró síbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì mi aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, mo na ọwọ́ mi méjèèjì bí ẹni tó ń lé òun padà, mi ò ṣí ẹnu.

Mo fẹ́ fèsì. Mo ti la ẹnu. Ọmọ mi, ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, ìyá rẹ ti gbà á lára mi láti ìgbà tí a ti gbin àgbàdo, ó wọ̀ ọ́ fún aṣọ́komásùn tí mo fi igi kàn, tí mo gbé dúró létí oko láti máa lé ẹyẹ.

Mo jókòó tì í. Mo wò ó dáadáa. Ojú ló ń wo ibi tí ohùn mi wà, kò wo èmi. Gbogbo nǹkan wá ń to ara wọn fún mi. Oko awakọ̀, níbi tí ẹnì kan ti roko tó sì ro àgbàdo kéékèèké mọ́ koríko, tí a ní òfófó ló jẹ́ kí Ọkọ́-ò-sinmi má wo iwájú. Àdá tó bọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ alágbẹ̀dẹ lọ́jọ́ kan, tí a fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹsẹ̀ kọ́. Ojú ni. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá wá sóko mi, òun yóò ba oko náà jẹ́, tàbí kí òun ṣe ẹnì kan léṣe. Bí ó bá sì sọ ọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gbé mọ́tò wá kó o kúrò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n á lọ gbé e jókòó sójú fèrèsé. Ẹsẹ̀ dídùn kò ní ìtìjú, ó ń san. Ìdí nìyẹn tó fi gbé ojú pamọ́ sínú ẹsẹ̀. Òpùrọ́ gidi ì bá rántí èyí tó dì nígbà àkọ́kọ́.

Mi ò sọ pé mo mọ̀. Mo ní kó má bínú, pé ìrònú gbé mi lọ lọ́jọ́ náà ni. Ó ní òun ti dárí jì mí. Ó wá ní ṣùgbọ́n mo dúró ṣánṣán lọ́jọ́ yẹn o, pé ó jọ pé ẹ̀yìn mi ti dáa sí i. Mo ní a dúpẹ́.

Mo ronú títí mo fi délé. Fraud kọ́, kò jèrè nǹkan kan. Cheat kọ́, torí kì í ṣe pé ó ń fi apá rẹ̀ pamọ́ fún wa, oko mi ló ń dáàbò bò. Trick kọ́, kò fi ṣeré. Deceive nìkan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó kọ̀ tí kò lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ́komásùn mi ńkọ́? Òun náà tan ẹyẹ, ó tan ọ̀rẹ́ mi, kò sí ẹnu rẹ̀ níbẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ló ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo sì gbé e dúró. Ta ni yóò lé mi lẹ́gbẹ́? Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí a tàn nìkan ni ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ń wò, kò sí èyí tó béèrè ohun tí ẹlẹ́tàn ń fi ọwọ́ bò. Tiwa ní in. A ní aṣọ ló ń bo àṣírí ara, kò sì sẹ́ni tó ń pe aṣọ ní òpùrọ́. Ìwọ ni Tíṣà. Kí ni Òyìnbó ń pe ẹ̀tàn tó jẹ́ aṣọ? Bí ó bá wà, kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, kí o fi ránṣẹ́ kí ìpàdé tó pé, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lè fi kún òfin, kí ó sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kò ní ìyà. Bí kò bá sí, kọ ìyẹn náà wá, wọ́n á máa lo tiwa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé o, kò dé o, mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Oko tèmi ni kò wá, èmi ni mo ni iṣẹ́ tí ó jẹ. Mo ti gbé àgbàdo tí a ó fi ṣe irúgbìn lọ bá a nílé, mo ní ẹ̀rọ ọ́fíìsì ń fọ́ ojú irúgbìn, ọwọ́ ni mo fẹ́ kó fi yin ín, kó sì ṣà á. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi, kí o wá wo ọwọ́ náà. Ó ń fi ìka mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kó tó kúrò lára ṣùkù. Màá dìde nípàdé, màá ní iṣẹ́ àáró mi ló ń ṣe nílé, mo ti gbà á, ó pé, ìkórè oko rẹ̀ ló kàn. Alágbẹ̀dẹ lè fi òòlù lu tábìlì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìka tí kò bá tẹ̀ ẹ́ kò tẹ̀ ẹ́. Ìyá Aránṣọ tó ti gbọ́ gbogbo èyí ti fi òwú rán ẹnu ara rẹ̀, ó ṣèlérí.

Ó ku ojú ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ọlọ́pàá ní wọ́n ń ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn ní ọ̀dọ̀ yín, tí yóò sì ríran. Bí mo bá sọ fún un pé kó wá, kò ní wá. Mo wá sọ fún un pé ojú tèmi ló ń ṣe bàìbàì, pé o ní dandan kí n wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìlú ńlá ń bà mí, mo fẹ́ ẹni tí yóò máa di ọwọ́ mi mú. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní ọkùnrin kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun nìkan fọ́jú, òun yóò bá mi lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti ń kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Lánàá ó di ọwọ́ mi mú lọ sódò, ó mú mi wọ inú kòtò. Mo rí kòtò náà láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń dùn kì í rí kòtò. Àwa méjèèjì la jọ wọ̀ ọ́. Ó ní kí n rọra máa wo ilẹ̀.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́ sí mi, àlọ àti àbọ̀, àti ti páànù òrùlé ilé ìdáná, àti ti ṣòkòtò. Má gba báńkì o. Ìgbà yẹn tí o fi owó síbẹ̀, mo lọ, mo ní kí wọ́n kó owó tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ fún mi, owó ẹlòmíràn ni wọ́n kó wá. Mo ní ọmọ mi kì í ná owó jákujàku bí èyí. Wọ́n ní owó ni gbogbo owó. Ọmọkùnrin awakọ̀ ń ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fi í lé e lọ́wọ́, kí n lè mọ̀ pé òun gan-an ni.

Nígbà tí a bá dé, wá pàdé wa, kí o gba àpò lọ́wọ́ mi, kì í ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ojú tèmi wò, kó mí kanlẹ̀, kó wá ní níwọ̀n bí ọ̀rẹ́ bàbá ti wà níbí, kí òun kúkú wo tirẹ̀ náà. Kí ó má jẹ́ pé ìwọ ló sọ ọ́. Má ṣẹ́jú sí mi. Má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ ọ́. Kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Kí o sì sọ fún mi orúkọ tí Òyìnbó ń pe èyí tí mo fẹ́ ṣe yìí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn, kí alágbẹ̀dẹ gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ mi bá ti rí mi.

Ọmọ mi, ẹni tó gbé ọ kọjá omi kò ní rì lójú rẹ. Ojú rẹ kò ní ṣú. Ohun tí o bá bò, kò ní tú. Ohun tí wọ́n bá bò mọ́ ọ lójú, ìwọ yóò rí i. Ilé rẹ yóò gbà ọ́, ọjọ́ rẹ yóò gùn ju tèmi lọ. Ìyá rẹ ní kí n ṣe àmín sókè kí òun gbọ́ láti ilé, mo ti ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ. Mo ní kí n tẹ àtàǹpàkò mi síbí kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe wàyó. Ìyá Aránṣọ ní kí n gbé e sókè díẹ̀ sí i, pé orí tábìlì ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ojú mi o, inú yàrá rẹ̀ yìí ló ṣókùnkùn.